Ìwé Tí Kò Bá Akẹ́kọ̀ọ́ Délé

Lọ́dún 1858, Yunifásítì London gba ìwé àṣẹ tuntun lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Àṣẹ yìí ló jẹ́ kí ènìyàn lè gba oyè yunifásítì láìjókòó sí kíláàsì kankan. Kí olúwarẹ̀ ṣáà ti san owó ìdánwò, kó kọ ọ́, kó sì yege. Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Kò pẹ́ tí ìdánwò náà fi ré òkun kọjá dé àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń jọba lé lórí, nígbà tó sì di 1887, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ti ń jókòó ṣe ìdánwò àṣewọlé London. Láàárín 1927 sí 1933, E. O. Ajayi, Alvan Ikoku àti J. S. Ogunlesi gba oyè London nínú ẹ̀kọ́ filọ́sọ́fì lọ́nà yìí. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ náà gba oyè nínú ẹ̀kọ́ ìṣòwò lọ́dún 1944, kó tó wọkọ̀ òkun lọ kọ́ iṣẹ́ amòfin. Bí a bá ń sọ ìtàn ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn nílẹ̀ wa, àwọn wọ̀nyí la máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí àwa tó ń sọ ìtàn náà máa ń fò dá: níbo ni wọ́n ti rí ìwé kà? Yunifásítì tó fún wọn lóyè kò ní ètò kankan láti yá wọn ní ìwé. Mo gbà pé inú ìbéèrè yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Láti ayé ìdánwò London títí di òní tí ẹ̀kọ́ ti bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni láti òkèèrè máa ń yára gba orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì máa ń lọ́ra kí wọ́n tó ronú ilé-ìkàwé. Ilé-ìkàwé ẹlòmíràn ni wọ́n ń fẹ̀yìn tì. Níbi tí ẹlòmíràn náà bá wà, ẹnikẹ́ni kì í fura. Níbi tí kò bá sí, akẹ́kọ̀ọ́ ló ń jìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí London ń fi ránṣẹ́. Ó ń fi ìlànà ẹ̀kọ́ ránṣẹ́, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tí ìdánwò máa dá lé lórí. Ó ń fi ìbéèrè ìdánwò ránṣẹ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá yege, ó ń fi ìwé-ẹ̀rí ránṣẹ́. Ìwé kíkà tó wà láàárín ìlànà àti ìdánwò, ìyẹn kò kàn án. Àwọn oníṣòwò ló wá dí àlàfo yìí. Wolsey Hall bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1894, Rapid Results College sì tẹ̀lé e lọ́dún 1928. Orúkọ méjèèjì kò ṣàjèjì sétí àwọn tíṣà àti akọ̀wé Nàìjíríà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ń ta ẹ̀kọ́ tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà, wọ́n ń gba iṣẹ́ àṣetiléwá nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n ń máàkì í, wọ́n sì ń dá a padà fún ẹni tó ni ín. Iṣẹ́ tó wúlò ni wọ́n ṣe. Àmọ́ wọn kì í ṣe ilé-ìkàwé. Ìwé tí ẹ̀kọ́ wọn bá dárúkọ, akẹ́kọ̀ọ́ ló máa fi owó ara rẹ̀ wá a, bóyá ní CMS Bookshop tó ti ń tàwé l'Ékòó láti 1869, tàbí kó kọ̀wé sí àwọn òǹtàwé ní England, kó sì máa retí ọkọ̀ òkun.

Ẹnì kan lè sọ pé bí ayé ṣe rí nígbà náà nìyẹn, pé kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ìwé lè máa tẹ̀lé akẹ́kọ̀ọ́ kiri. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní England kan náà, Yunifásítì Oxford ń rán olùkọ́ lọ sí ìlú ńlá àti ìlú kéékèèké láti kọ́ àwọn tí kò lè wá gbé Oxford. Nígbà tí Michael Sadler gba àbójútó ètò yìí lọ́dún 1885, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di ìwé sínú àpótí fún ìlú tí ẹ̀kọ́ bá ti ń lọ lọ́wọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa yá ìwé inú àpótí náà títí ẹ̀kọ́ fi máa parí, lẹ́yìn náà ni yóò padà sílé. Ní ìpínlẹ̀ New York, Melvil Dewey, ẹni tó ṣe ètò nọ́ńbà tí ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé wa ṣì fi ń to ìwé, bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú àpótí bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn abúlé láàárín 1892 sí 1893, ìwé 100 nínú àpótí kan. Nítorí náà, ọgbọ́n yìí ti wà nílẹ̀ nígbà tí Ikoku ń múra ìdánwò rẹ̀ sílẹ̀, ó tiẹ̀ ti lé ní ogójì ọdún. Àìmọ̀ kọ́ ló fà á tí ìwé kò fi bá ìlànà ẹ̀kọ́ dé Èkó tàbí Awka. London ti pinnu pé iṣẹ́ yunifásítì ni ìdánwò, pé ọ̀ràn ara ẹni sì ni ìwé. Mo tẹnu mọ́ ọn pé ìpinnu ni, torí pé títí di òní ni àwọn ènìyàn ṣì ń sọ ọ́ bí ẹni pé bí Ọlọ́run ṣe dá ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn nìyẹn.

Níbo wá ni àwọn tó yege ti rí ìwé? Ìtàn Ikoku fi díẹ̀ hàn wá. Láti 1924 ló ti ń kọ́ni ní St. Paul's Training College ní Awka, ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS fi ń tọ́ olùkọ́. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú irú ọgbà bẹ́ẹ̀ ní ìwé nítòsí, ó sì ní àwọn ẹlẹgbẹ́ tó lè yá a ní tiwọn. Akọ̀wé kékeré ní ọ́fíìsì ìjọba ní Ṣakí tàbí Òkìtìpupa kò ní irú àǹfààní yẹn. L'Ékòó pàápàá, ilé-ìkàwé kan ṣí lọ́dún 1932 pẹ̀lú ìrànwọ́ owó láti ọ̀dọ̀ Carnegie Corporation ti Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n owó ni wọ́n fi ń ṣe ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn òyìnbó ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn àkójọ ìwé tó tóbi jù lọ l'Ékòó ìgbà náà wà nínú ilé ẹnì kan ṣoṣo, Henry Carr. L'Ékòó ni wọ́n bí Carr sí lọ́dún 1863. Ó kàwé ní Fourah Bay ní Sàró, ó sì di ẹni ńlá nínú iṣẹ́ ẹ̀kọ́ ìjọba. Nígbà tó fi máa kú lọ́dún 1945, ìwé tó ti kó jọ tó nǹkan bí 18,000. Ìjọba ra ìwé náà, òun àti ìwé Kọlẹ́ẹ̀jì Gíga Yábàá sì di ìpìlẹ̀ ilé-ìkàwé Yunifásítì Kọlẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1948. John Harris, tó ti New Zealand wá, fi ogún ọdún gbé ilé-ìkàwé náà dìde. Láti 1950 ni òfin sì ti ní kí àwọn òǹtẹ̀wé Nàìjíríà máa fi ẹ̀dà ìwé wọn ránṣẹ́ síbẹ̀.

Ó yẹ ká dúró díẹ̀ ní Ìbàdàn, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere jù lọ. Títí di 1962 tí Ìbàdàn fi gba òmìnira tirẹ̀, oyè London ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń gbà, lábẹ́ àdéhùn pàtàkì tó wà láàárín ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì. Èyí túmọ̀ sí pé nínú ọdún kan náà, ọmọ Nàìjíríà méjì lè máa lépa oyè lábẹ́ yunifásítì kan náà, kí ọ̀kan máa gbé ọgbà Ìbàdàn, kí èkejì sì máa ṣe tíṣà ní Ọ̀wọ̀ tàbí Àgbọ̀ọ̀, tó ń ka tirẹ̀ lórí àtùpà lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹni ti Ìbàdàn ní ìwé Carr, ó ní ìwé tuntun tí Harris ń rà, ó ní tábìlì, ó ní iná, ó sì ní ẹni tó lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ìwé wo ni kí òun kọ́kọ́ kà. Ẹnì kejì ní ìlànà ẹ̀kọ́ àti ohun tí owó oṣù rẹ̀ bá lè rà. Orí ìwé-ẹ̀rí, orúkọ London kan náà ló wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ìyàtọ̀ ọpọlọ ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Ilé-ìkàwé ni ìyàtọ̀ náà, ilé-ẹ̀kọ́ tó kọ ètò sílẹ̀ ló sì dá a sílẹ̀.

Àtakò kan wà tí mo mọ̀ pé yóò wá síbí. Wọ́n á ní: ṣebí àwọn ènìyàn náà yege láìsí ilé-ìkàwé? Ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ ẹ̀kọ́ á wá ìwé rí. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ó sì ń gbé ìtẹramọ́ṣẹ́ lárugẹ, ṣùgbọ́n àwọn tó gòkè nìkan ló ń kà. Orúkọ Ajayi, Ikoku, Ogunlesi àti Awólọ́wọ̀ wà nínú ìwé ìtàn nítorí pé wọ́n yege. Àwọn tó san owó ìdánwò, tí wọn kò rí ìwé tó yẹ kí wọ́n kà, tí wọ́n fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n sì pa á tì, kò sẹ́ni tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ènìyàn mẹ́rin tó borí kò lè jẹ́rìí pé ọ̀nà náà dára. Wọ́n lè jẹ́rìí pé àwọn fúnra wọn lágbára. Bí a bá wá fi ẹ̀rí wọn gbé ètò ẹ̀kọ́ kalẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, a jẹ́ pé ètò àwọn akọni nìkan la ṣe, a sì ti gbàgbé pé àwọn tí kò ní àǹfààní ni ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn wà fún láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún 1969, ìjọba Britain dá Open University sílẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀, tí wọ́n tó nǹkan bí 24,000, sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1971. Ètò yìí ló yí èrò gbogbo ayé padà nípa ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn. Ìwé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ dáadáa ń dé ilé akẹ́kọ̀ọ́ nípasẹ̀ pósítì, BBC ń gbé ẹ̀kọ́ wọn sáfẹ́fẹ́ lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, olùkọ́ àgbègbè sì ń máàkì iṣẹ́ wọn. Síbẹ̀, ilé-ìkàwé tí wọ́n kọ́ sí Walton Hall, ọgbà yunifásítì náà, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọ ìwé ẹ̀kọ́ ni wọ́n kọ́ ọ fún. Èrò wọn ni pé ìwé ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ gbà lọ́wọ́ ti tó o. Bó bá ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó gba ilé-ìkàwé ìlú rẹ̀ lọ. Ní Britain, ọ̀rọ̀ yẹn ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Láti 1850 ni òfin ti fàyè gba àwọn ìlú láti máa fi owó orí ṣí ilé-ìkàwé fún gbogbo ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́, owó Carnegie sì ti kọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ Open University tó ń gbé ìletò ní Wales lè wọ bọ́ọ̀sì lọ béèrè ìwé. Bí ilé-ìkàwé ìlú rẹ̀ kò bá ní in, wọ́n lè bá a yá a láti ibòmíràn. Ọ̀wọ̀n kan tí Open University kò san kọ́bọ̀ lé lórí ló gbé apá kan ilé rẹ̀ dúró.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan wá gan-an nìyí. Nàìjíríà ti ń dán ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn wò ṣáájú. Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria bẹ̀rẹ̀ ètò fún àwọn olùkọ́ lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún 1972, Yunifásítì Èkó sì dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orí lẹ́tà sílẹ̀ lọ́dún 1974. Lọ́dún 1983, ìjọba Shehu Shagari fọwọ́ sí òfin National Open University. Ọ̀jọ̀gbọ́n Afọlábí Òjó, ẹni tó kọ̀wé lórí àṣà Yorùbá, ni wọ́n fi ṣe gíwá rẹ̀. Ètò Britain ni wọ́n wò ṣe é, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀n tí mo sọ yẹn kò bá ètò náà wọ ọkọ̀. Ní 1953, àjọ UNESCO ti ṣe àpérò ńlá kan ní Ìbàdàn lórí bí ilé-ìkàwé gbogbogbòò ṣe máa gbilẹ̀ ní Áfíríkà, wọ́n sì ti fi Enugu ṣe àpẹẹrẹ nígbà tó yá. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn àpérò náà, ọ̀pọ̀ ìlú wa kò ní ilé-ìkàwé kankan. Èyí tó wà ní olú ìlú ìpínlẹ̀ kò rí ìwé tuntun rà déédéé. Àwọn ológun dá National Open University dúró ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 1984, kó tó lè hàn bóyá akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ máa rí ìwé kà tàbí kò ní rí. Lẹ́yìn náà ni ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, SAP, dé lọ́dún 1986. Náírà tó ju dọ́là kan lọ lọ́dún 1985 ti di nǹkan bíi méje sí dọ́là kan nígbà tí ẹ̀wádún náà ń parí. Ìwé àti jọ́nà òkè òkun, tí a ń fi dọ́là rà, wọ́n gókè kọjá agbára yunifásítì fúnra rẹ̀. Àárín ìyàn ìwé yìí ni Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn tirẹ̀ lọ́dún 1988. Nígbà tí ẹni tó ń gbé inú ọgbà kò rí jọ́nà tuntun kà mọ́, kí ni ti ẹni tó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó? Ìgbà yẹn náà ni háńdáòtù gbilẹ̀ dé ibi tó fi di pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ń gba oyè láìka odindi ìwé kan parí.

Àwọn kan á sọ pé kò burú, pé bí ìwé ẹ̀kọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ bá péye, akẹ́kọ̀ọ́ kò nílò ilé-ìkàwé. Èrò Open University àkọ́kọ́ nìyẹn, mi ò sì fẹ́ fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, nítorí ìwé ẹ̀kọ́ wọn dára gan-an. Síbẹ̀ ohùn ẹnì kan tàbí ti ìgbìmọ̀ kan ni ìwé ẹ̀kọ́ máa ń gbé. Ẹni tó bá ń kọ́ ìtàn, tó ka orí kan ṣoṣo lórí Ogun Kírìjì, kò lè mọ̀ pé àwọn òǹpìtàn ń jiyàn lórí rẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ nọ́ọ̀sì, tí ìwé rẹ̀ ti pé ọdún mẹ́jọ, kò lè mọ̀ pé ìtọ́jú kan ti yí padà. Nígbà tí ó bá sì kan iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá, tí ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ń béèrè fún kí wọ́n tó fúnni lóyè, ìwé ẹ̀kọ́ kò tún lè ràn án lọ́wọ́, torí iṣẹ́ náà dá lórí kíka ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá béèrè irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láìpèsè ìwé ń béèrè ohun tí kò fún akẹ́kọ̀ọ́ ní irinṣẹ́ rẹ̀. Bí a bá rí iṣẹ́ tí wọ́n dà kọ láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn láti ojú ìwé kìíní dé ìkẹyìn, ọ̀lẹ akẹ́kọ̀ọ́ la máa ń dá lẹ́bi. Ọ̀lẹ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan.

Ẹ̀rí sì wà ní ilẹ̀ Áfíríkà kan náà pé ọ̀nà mìíràn ṣeé tọ̀. Yunifásítì South Africa, tí wọ́n ń pè ní Unisa, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ orí lẹ́tà lọ́dún 1946, ó sì kọ́ ilé-ìkàwé tó ń fi ìwé ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ nípasẹ̀ pósítì tó sì ń gbà á padà. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n òṣèlú ní Robben Island forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, Nelson Mandela sì gba oyè òfin rẹ̀ láti Unisa lọ́dún 1989 nígbà tó ṣì wà ní àtìmọ́lé. Ìjọba tó ń ṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà ló ń ṣàkóso ilẹ̀ náà nígbà yẹn, àwọn ọ̀gá ẹ̀wọ̀n sì ń fòfin de àwọn ìwé kan. A kò lè fi Unisa ìgbà yẹn ṣe àwòkọ́ṣe nínú ohun gbogbo. Lórí ọ̀ràn ìwé nìkan, ó mọ ohun tí London kò fẹ́ mọ̀: pé ẹni tó gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé ló jẹ ẹ́ ní ìwé. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ilé-ìkàwé yunifásítì kọ irú ìlànà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1967, wọ́n sì ti tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà. Kókó rẹ̀ ni pé ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí ilé-ìkàwé di kékeré. Lọ́dún 1982, Yunifásítì Central Michigan bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn olùtọ́jú ilé-ìkàwé jọ láti gbogbo orílẹ̀-èdè náà lórí ọ̀rọ̀ yìí kan ṣoṣo.

Nígbà tí jọ́nà bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sórí kọ̀ǹpútà ní àwọn ọdún 1990, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìṣòro ti parí. Ìdènà tuntun ló yọjú. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta jọ́nà máa ń fi nọ́ńbà kọ̀ǹpútà inú ọgbà dá yunifásítì mọ̀. Ẹni tó bá ń wọlé láti inú ọgbà, ìlẹ̀kùn á ṣí fún un. Ẹni tó bá wà nílé rẹ̀, wọ́n á ní kó sanwó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti san owó ilé-ẹ̀kọ́ bíi ti ẹnì kejì. Ìyẹn ni pé akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀nà jíjìn, tí íntánẹ́ẹ̀tì yẹ kó ràn lọ́wọ́ ju gbogbo ènìyàn lọ, òun ni wọ́n tún tì mọ́ta. Chris Zagar, olùtọ́jú ilé-ìkàwé ní kọlẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní Arizona, Estrella Mountain Community College, ló ṣe ètò kọ̀ǹpútà tó yanjú rẹ̀ lọ́dún 1999. EZproxy lorúkọ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á fi orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tí ilé-ẹ̀kọ́ fún un wọlé, ètò náà á sì bá a béèrè jọ́nà bí ẹni pé inú ọgbà ló wà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé-ìkàwé kárí ayé ló wá ń lò ó. Mo fẹ́ràn apá yìí nínú ìtàn náà gan-an, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ olówó ńlá kọ́ ló ti wá. Ẹni tó ń rí ìnira akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ ló jókòó ṣe é. Ọdún 1999 yẹn náà ni àwọn yunifásítì Britain dá UK Libraries Plus sílẹ̀, àdéhùn tó jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀nà jíjìn lè yá ìwé ní yunifásítì tó bá sún mọ́ ilé rẹ̀ jù, ì báà má jẹ́ ibẹ̀ ló ti forúkọ sílẹ̀.

Lọ́dún 2001, ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ jí National Open University dìde, tí gbogbo wa wá mọ̀ sí NOUN, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúgbémiró Jẹ́gẹ́dẹ́ sì di gíwá rẹ̀. Ẹ̀tọ́ ni ká yìn wọ́n níbi tí ìyìn wà: NOUN gbé ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ṣí ibùdó ẹ̀kọ́ káàkiri àwọn ìpínlẹ̀. Ìrànwọ́ tún wá láti òde. Lọ́dún 2002, Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ HINARI, tó ń jẹ́ kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ tí kò lówó ka jọ́nà ìṣègùn lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí lówó pọ́ọ́kú. Àwọn kan ní Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà kó àìmọye ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì sínú àpótí kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n pè ní eGranary, wọ́n sì ń gbé e fún àwọn yunifásítì tí íntánẹ́ẹ̀tì wọn kò lágbára, títí kan àwọn kan ní Nàìjíríà. Inú ọgbà ni púpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò bá dé ọgbà kò jẹ níbẹ̀.

Àtakò tó gbilẹ̀ jù lónìí ni pé gbogbo nǹkan ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣáà wá a lórí Google. Ohun púpọ̀ wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lóòótọ́, jọ́nà tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn sì ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó ń san owó rẹ̀. Dátà ni, iná jẹnẹrétọ̀ ni, fóònù tí ojú rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni, akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ń ra gbogbo rẹ̀. Bí London ṣe ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ra ìwé rẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́dún 1927, bẹ́ẹ̀ náà ni a ń ní kó ra dátà rẹ̀ fúnra rẹ̀ lónìí, tí a sì ń pè é ní ìdàgbàsókè. Yàtọ̀ sí owó, ìmọ̀ràn wà. Olùtọ́jú ilé-ìkàwé tó mọṣẹ́ kì í kàn gbé ìwé fúnni. Ó ń fi hàn ènìyàn bí a ṣe ń mọ jọ́nà gidi yàtọ̀ sí ti gbájúẹ̀, bí a ṣe ń dín ìbéèrè kù títí yóò fi ṣeé wá, àti ibi tí a ó gbà nígbà tí ìwé tí a ń wá bá wà lẹ́yìn owó. Akẹ́kọ̀ọ́ inú ọgbà lè rìn bá a níbi tábìlì. Akẹ́kọ̀ọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì nílò nọ́ńbà tó lè pè, tàbí WhatsApp tí ènìyàn ń dáhùn lálẹ́ àti lópin ọ̀sẹ̀, nítorí àkókò yẹn ló ń kàwé. Iye ilé-ẹ̀kọ́ wa tó ní irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ kò pọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, èyí tó lágbára jù nínú gbogbo àtakò. Kọlẹ́ẹ̀jì wo ló lówó láti ra jọ́nà, láti gba òṣìṣẹ́ alẹ́, láti máa fi ìwé ránṣẹ́, nígbà tí ilé-ìkàwé inú ọgbà fúnra rẹ̀ ń jò? Mi ò fojú kéré ìbéèrè yìí. Orílẹ̀-èdè tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ olú ilé Ilé-Ìkàwé Àpapọ̀ rẹ̀ sí Abuja lọ́dún 2006, tí kò sì parí rẹ̀ lẹ́yìn ọdún tó lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò tíì fi ìwé sí ipò iwájú. Ṣùgbọ́n apá kan iṣẹ́ náà kò gba owó púpọ̀, àdéhùn ló gbà. Poli ìjọba àpapọ̀ wà ní Ẹdẹ, poli Òkè-Ògùn wà ní Ṣakí, kọlẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ sì wà ní Ìlá. Ilé-ìkàwé wà nínú gbogbo wọn, owó ará ìlú ni wọ́n sì fi kọ́ wọn. Kí ló dé tí akẹ́kọ̀ọ́ NOUN tàbí ti ẹ̀ka ọ̀nà jíjìn Ìbàdàn tó ń gbé Ṣakí kò fi ní lè fi káàdì ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ wọlé kàwé níbẹ̀, kó lo íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀, kó sì yá ìwé? Britain ṣe é lọ́dún 1999 láìkọ́ ilé kankan. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tún lè para pọ̀ ra jọ́nà, kí owó tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dá san lè dín kù. Owó ilé-ìkàwé sì sábà máa ń wà lára owó tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san. Ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀nà jíjìn kò ní àwíjàre tó bá fún un ní ohun tó kéré sí ti ẹni inú ọgbà.

Àjọ NUC, tó ń mójú tó àwọn yunifásítì, ló ń fọwọ́ sí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn kó tó bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì wa. Kí wọ́n má fọwọ́ sí èyíkéyìí mọ́ láìjẹ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ náà fi hàn wọ́n, lórí bébà àti lójú ara wọn, bí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó wà ní abúlé yóò ṣe ka jọ́nà, bí yóò ṣe yá ìwé, àti ẹni tí yóò pè nígbà tó bá há. Ẹ̀yin gíwá àti olórí ẹ̀ka, ẹ fi olùtọ́jú ilé-ìkàwé sínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò kọ́ọ̀sì láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ má dúró dìgbà tí kọ́ọ̀sì bá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dún yìí, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà ọ̀nà tí ìwé máa gbà dé ọ̀dọ̀ yín, kí ẹ sì gba ìdáhùn rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀.